Níbo làwọn ará ìlú kéékèèké ní Pọ́túgàl ti ń jẹun? (Évora, Estremoz, Mértola)

Ọláníkẹ̀ẹ́_MCR

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ní ìparí oṣù Kẹrin, èmi, ọkọ mi àti màmá mi ń lọ sí Pọ́túgàl. Lisbon la ó balẹ̀ sí, àmọ́ a ò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. A ó háyà mọ́tò, a ó gba Évora lọ sí Estremoz, kí á tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Mértola. Ilé oúnjẹ tí wọ́n lẹ àwòrán oúnjẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nítorí àlejò kọ́ ni mò ń wá. Ibi tí àwọn àgbẹ̀, àwọn bíríkìlà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti ń jẹun ọ̀sán ni mo fẹ́ mọ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló wà lọ́kàn mi. Báwo lèèyàn ṣe ń dá irú ibẹ̀ mọ̀? Wọ́n tún ní wọ́n máa ń gbé ohun téèyàn ò bèèrè sórí tábìlì, wọ́n á sì gbowó rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Èyí tó wúwo jù ni pé Àlájà ni màmá mi, wọn kì í fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí mò ń kà nípa Alentejo, agbègbè tí àwọn ìlú mẹ́ta yẹn wà, ẹlẹ́dẹ̀ ni ṣáá. Màmá sì fẹ́ràn ata gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Àdùkẹ́_Setúbal

Àbúrò mi, o kú ètò. Iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù ni mò ń ṣe níbí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń jẹun káàkiri láàárín Setúbal àti ààlà Sípéènì, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Aago ni kí o kọ́kọ́ fi sọ́kàn. Ọ̀sán ni oúnjẹ gidi ní ìgbèríko Pọ́túgàl. Láti aago 12:30 làwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọlé. Tó bá fi máa di aago 2, ìkòkò tó dùn jù ti fẹ́ tán. Tó bá di aago 3, wọ́n ti ń fọ abọ́. Látìgbà náà títí di aago 7:30 alẹ́, kò sẹ́ni tó máa dáná fún ọ ní abúlé. Kọfí àti búrẹ́dì yíyan nìkan lo máa rí, Àlájà kò sì ní lè jẹ èyí tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ há láàárín.

Bí ẹ bá dé àárín ìlú, ẹ má wo pátákó ńlá. Ẹ wo ibi tí ọkọ̀ fáànù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí níwájú rẹ̀. Ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n fi bírò kọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà. Oúnjẹ ọjọ́ yẹn ló wà níbẹ̀, prato do dia ni wọ́n ń pè é. Nínú ilé, bébà ni wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, tẹlifíṣọ̀n á máa ka ìròyìn aago 1, gbogbo ẹni tó bá wọlé á sì kí gbogbo ilé pé boa tarde. Ẹ̀yin náà, ẹ kí wọn kí ẹ tó wá àga. Ẹni tó bá wọlé láìkí èèyàn, wọ́n á ṣe é lálejò lóòótọ́, àmọ́ wọn ò ní bá a sọ ohun tó wà ní ìdí ìkòkò.

Bí ẹ bá jókòó, ẹ má tíì ṣí mẹ́nù. Ẹ bi wọ́n pé: O que é que há hoje? Ìyẹn ni pé, kí lẹ sè lónìí? Ìdí rẹ̀ ni pé ìyàwó onílé tàbí ìyá rẹ̀ ló sábà máa ń wà nídìí iná, ẹnì kan tàbí ẹni méjì péré. Kò sí bí wọ́n ṣe lè se ogún oúnjẹ lóòjọ́ kí gbogbo rẹ̀ dùn. Èyí tí wọ́n gbé kaná láàárọ̀, tó ti ń hó jẹ́jẹ́ kí ẹ tó jí, òun ni wọ́n fi ọkàn sè. Àwọn yòókù tó wà nínú mẹ́nù, inú fìrísà ni ọ̀pọ̀ wọn wà títí ẹnì kan á fi bèèrè. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ má gbàgbé èyí: ohun tí ilé ìdáná yẹn sè lónìí ni kí ẹ jẹ, kì í ṣe ohun tí ẹ kà nípa rẹ̀ nílé.

Oúnjẹ wọn pọ̀. Dose kan, ìyẹn odindi àwo, ń tó èèyàn méjì ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀; meia dose, ìyẹn ààbọ̀, ló tó ẹnì kan. Ẹ̀yin mẹ́ta, dose kan àti ààbọ̀ kan, ẹ ó yó. Ẹ bi ẹni tó ń gbé oúnjẹ bóyá ó tó, kò ní tàn yín. Ní ti owó, prato do dia pẹ̀lú ọbẹ̀ àkọ́kọ́, ohun mímu àti kọfí, láàárín Yúrò 9 sí 14 ni mo máa ń san. Bí ẹ bá jẹun tán, onílé lè fa bírò yọ kó ro owó náà sórí bébà tó wà níwájú yín. Ẹ máa fojú bá a lọ.

Ìyá Ìbejì_Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì yẹn kò ṣe é gbójú fò. Èmi àti ọkọ mi jẹun nílùú kékeré kan létí òkun, mi ò ní dárúkọ ilé oúnjẹ náà. Wọ́n gbé búrẹ́dì wá, ólífì, odindi ṣíìsì kékeré kan àti àwo sọ́séèjì gígé. Búrẹ́dì nìkan la fọwọ́ kàn. Nígbà tí bílì dé, ṣíìsì wà níbẹ̀, sọ́séèjì wà níbẹ̀. Mo ní a ò jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. A san án, àmọ́ inú bí mi dé alẹ́.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé bí wọ́n bá ti gbé e sílẹ̀ báyìí, ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà.

Bàbá Àdùkẹ́_Setúbal

Ìyá Ìbejì, wọ́n rẹ́ yín jẹ ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un. Couvert ni wọ́n ń pe ohun orí tábìlì yẹn. Òfin ìṣòwò wọn ti ọdún 2015, Decreto-Lei 10/2015, sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbowó oúnjẹ tàbí ohun mímu kankan, títí kan couvert, bí oníbàárà ò bá bèèrè rẹ̀ tàbí bí kò bá fọwọ́ bà á jẹ́. Mẹ́nù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì kọ iye rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣorí kunkun, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé: O livro de reclamações, por favor. Ìwé ìfẹ̀sùn ni, gbogbo ilé ìtajà ló gbọ́dọ̀ ní in, wọn ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́ fún yín. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni ẹ̀sùn ibẹ̀ ń lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kí wọ́n tó gbé ìwé náà dé, ṣíìsì á ti kúrò nínú bílì.

Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà. Bí ẹ bá dá búrẹ́dì Alentejo padà, ẹ ti pàdánù ìdajì oúnjẹ. Búrẹ́dì ńlá ni, èèpo rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ le díẹ̀, ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Ólífì wọn náà, àwọn fúnra wọn ló ń fi omi iyọ̀, aáyù àti oregano rẹ ẹ́. Ẹ mú méjèèjì yẹn, ẹ dá ṣíìsì àti sọ́séèjì padà bí ẹ ò bá fẹ́, kí ẹ sì sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.

Tìjánì_Ọmọ_Ìlọrin

As-salaamu alaykum, àǹtí Ọláníkẹ̀ẹ́. Ẹ bá mi kí Àlájà. Lisbon ni mo ti kàwé, mo sì rìn ìgbèríko náà dáadáa, Mùsùlùmí ni èmi náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó le ṣáájú. Ní Lisbon, ẹ lè rí ẹran hàláàlì ní agbègbè Martim Moniz àti Rua do Benformoso, mọ́ṣáláṣí ńlá náà sì wà lẹ́bàá Praça de Espanha. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀ lọ sí Alentejo, ẹ má retí ẹran hàláàlì ní abúlé. Ọ̀dọ́ àgùntàn pọ̀ níbẹ̀, ensopado de borrego ló lókìkí jù: wọ́n á se ẹran náà lómi, wọ́n á sì dà á lé búrẹ́dì lórí. Ṣùgbọ́n bóyá Àlájà á jẹ ẹran tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì pa, ohun tí àwọn àlùfáà wọn kọ́ wọn ni kí wọ́n tẹ̀lé. Èmi kì í jẹ ẹ́, ebi ò sì pa mí rí níbẹ̀.

Ẹja àti ẹyin ni kí ẹ gbájú mọ́. Sopa de cação wà káàkiri Alentejo: cação jẹ́ ẹja òkun tí eegun rẹ̀ rọ̀, wọ́n ń fi aáyù, coriander, ìyẹ̀fun díẹ̀ àti fínígà sè é, wọ́n á sì bu omi ọbẹ̀ náà lé búrẹ́dì. Bacalhau náà kò ṣọ̀wọ́n, ẹja oníyọ̀ gbígbẹ ni. Láti Norway ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, níbi tí pánlá tí à ń rà lọ́jà nílé ti ń wá náà. Ẹja kan náà ni, tiwọn ni wọ́n fi iyọ̀ sí. Ẹ bèèrè bacalhau à lagareiro, tí wọ́n yan pẹ̀lú aáyù àti òróró ólífì púpọ̀.

Àwọn ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ ń fara pamọ́ sí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Migas dà bí búrẹ́dì lásán, àmọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń dín in. Caldo verde, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó tutù lójú, chouriço gígé, ìyẹn sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀, ló máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Sọ́séèjì tí wọ́n ń pè ní alheira ńkọ́? Ìtàn sọ pé àwọn Júù tí wọ́n fipá mú di Kìrìsìtẹ́nì ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ló dá a sílẹ̀, tí wọ́n fi adìyẹ àti búrẹ́dì ṣe é kí aládùúgbò lè rò pé wọ́n ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Lónìí, ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ojúlówó alheira Mirandela, nítorí náà kí Àlájà má jẹ ẹ́ nítorí ìtàn. Nínú ohun dídùn, toucinho do céu, wọ́n máa ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Sericaia ni kí wọ́n jẹ: ẹyin, mílíìkì, ṣúgà àti kinamóni, pẹ̀lú èso plum Elvas nínú omi ṣúgà rẹ̀.

Ẹ kọ èyí sórí fóònù kí ẹ fi hàn wọ́n: Sem carne de porco, sem banha, sem vinho. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí ọ̀rá rẹ̀, kò sí wáìnì. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá orí irin kan náà ni wọ́n ti ń yan ẹja àti ẹlẹ́dẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú sí mi rí nítorí ìbéèrè yìí. Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ jáde láti ilé ìdáná wá mú mi lọ wo ìkòkò.

Inú mi dùn gan-an pé ẹ fi Mértola kún un. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà lábẹ́ ilé odi níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí ni tẹ́lẹ̀. Míhíráàbù rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, ẹ ó fojú rí i.

Ọláníkẹ̀ẹ́_MCR

Tìjánì, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti ka tiyín fún màmá lórí fóònù, wọ́n ní ẹja ni àwọn á jẹ, ó ti tán. Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo ń rí açorda níbi gbogbo tí mo bá kà. Ṣé òun náà ṣe é jẹ fún wọn? Kí ni gan-an?

Abẹ́kẹ́_Évora

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí, nítorí ìlú yìí ni mo ń gbé, ìyá ọkọ mi ló sì kọ́ mi ní açorda.

Wọ́n á kó aáyù, iyọ̀ oníhóró àti coriander púpọ̀ sínú odó, wọ́n á gún un títí á fi di àgúnpọ̀ tútù yọ̀yọ̀. Ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Ó ní ẹ̀rọ ń mú kí ewé náà korò. Wọ́n á da àgúnpọ̀ náà sínú abọ́ ńlá, wọ́n á da òróró ólífì lé e lórí, kì í ṣe díẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, omi ti ń hó lórí iná, wọ́n á fọ́ ẹyin sínú rẹ̀ kó jinná láìní èèpo. Omi gbígbóná yẹn ni wọ́n á dà sínú abọ́. Bó ṣe ń bọ́ lé òróró àti aáyù, òórùn tó ń gòkè yẹn ni gbogbo ilé fi ń mọ̀ pé oúnjẹ ti dé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ya búrẹ́dì àná tàbí ti ìjẹta sínú rẹ̀, wọ́n á gbé ẹyin lé e. Búrẹ́dì tuntun kò dára fún un, á di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ kí búrẹ́dì náà tó mu omi tán.

Oúnjẹ tálákà ni látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko àlìkámà àwọn onílẹ̀ ńlá kò ní ju búrẹ́dì, òróró àti ewé tí wọ́n já létí omi. Àwọn tó mọ ìtàn oúnjẹ sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó jọba níhìn-ín kí wọ́n tó gba Évora lọ́wọ́ wọn ní 1165 ló ti wá, pé ọmọ ìyá sàríìdì ilẹ̀ Lárúbáwá ni, búrẹ́dì tí wọ́n ń rẹ sínú omi ọbẹ̀. Nítorí náà Àlájà lè jẹ ẹ́ tọkàntọkàn. Ohun kan péré ni kí ẹ bèèrè: ṣé omi lásán ni, àbí omi bacalhau? Méjèèjì ló dára fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé açorda de marisco fún yín ní Lisbon kí ẹ rò pé òun nìyí. Tìyẹn ki, wọ́n fi edé àti ohun inú òkun rò ó pọ̀. Ó dùn, àmọ́ kì í ṣe ti Alentejo.

Bó bá jẹ́ ìgbà ooru lẹ ń bọ̀, mi ò bá ní kí ẹ bèèrè sopa de beldroegas. Pápásan ni beldroegas, ewé kan náà tó ń hù lẹ́yìnkùlé wa nílé, wọ́n ń sè é pẹ̀lú odindi orí aáyù, ẹyin àti ṣíìsì. Ní oṣù Kẹrin, asparagus igbó ni kí ẹ wá, èyí tí wọ́n já létí ọ̀nà tí wọ́n sì pò mọ́ ẹyin. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó korò díẹ̀, kò ju ìgbà díẹ̀ lọ lọ́dún.

Akin_Coimbra

Ẹ kú ìjókòó o. Kí ló dé tó fi jẹ́ Alentejo, Alentejo nìkan? Gbogbo ẹni tó bá ti ń bọ̀ láti Lisbon, ìhà gúúsù ni wọ́n ń darí wọn sí. Ọkọ àǹtí ń jẹ ohun gbogbo, ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún òun náà.

Ẹ wá sí òkè Coimbra, sí Miranda do Corvo tàbí Vila Nova de Poiares, kí ẹ jẹ chanfana. Ewúrẹ́ tó ti gbó ni, tí eyín kò lè fà, wọ́n á kó o sínú ìkòkò amọ̀ dúdú, wọ́n á da wáìnì pupa bò ó, wọ́n á fi aáyù àti ewé laurel sí i, wọ́n á gbé e sínú ààrò onígi fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà tó bá jáde, ẹran náà á máa já kúrò lára eegun fúnra rẹ̀. Mi ò tíì rí oúnjẹ ewúrẹ́ ní Yúróòpù tó tó o. Ní Mealhada, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ni, wọ́n ń fi ata dúdú àti aáyù kùn ún nínú, wọ́n á gbé e wá pẹ̀lú ọsàn gígé. Ní Minho, ìrẹsì adìyẹ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àti fínígà sè, arroz de cabidela.

Tìjánì_Ọmọ_Ìlọrin

Bùrọ̀dá Akin, wáìnì, ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀jẹ̀. Kò sí èyí tí Àlájà lè fọwọ́ kàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìrìn àjò yìí, ti màmá ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sí gúúsù níbi tí ẹja, ẹyin àti ewé pọ̀ sí.

Akin_Coimbra

Mo gbà. Fún ìgbà mìíràn ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ wáìnì fún ẹni tó ń mu ún. Ní Vila de Frades, lẹ́bàá Vidigueira, inú ìkòkò amọ̀ ńláńlá ni wọ́n ṣì ń po wáìnì sí, àwọn kan ga ju èèyàn lọ. Talha ni wọ́n ń pè é, àṣà náà sì ti wà láti ayé àwọn ará Róòmù. Ọjọ́ Mímọ́ Martin, 11 oṣù Kọkànlá, ni wọ́n máa ń ṣí i. Àwọn àgbà ọkùnrin máa ń dúró níbẹ̀ kọ orin cante, orin ọlọ́pọ̀ ohùn láìsí ìlù tí UNESCO kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 2014. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa wa mọ́tò, kó ṣọ́ra gidigidi. 0.5 gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ ni òfin gbà. Fún ẹni tí láísẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́ta, 0.2 ni. Wáìnì ilé tí wọ́n gbé wá nínú jọ́ọ̀gì kì í fi bó ṣe lágbára hàn.

Ìyá Ìbejì_Peckham

Kò sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ ata o. Màmá yín á fẹ́ mọ̀. Oúnjẹ wọn kò ní ata rárá bí wọ́n ṣe ń gbé e wá. Ẹ ní piri-piri, por favor. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kéékèèké ló ń rẹ ata tiwọn sínú òróró, nínú ìgò kékeré kan lẹ́yìn káńtà. Ti inú ilé yẹn máa ń ta ju ti ilé ìtajà lọ, àmọ́ wọn kì í gbé e wá láìjẹ́ pé ẹ bèèrè. Ẹ bèèrè bóyá ọtí wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn kan ń fi wísíkì sí i.

Abẹ́kẹ́_Évora

Òótọ́ ni, ẹ ṣeun tí ẹ rántí wísíkì yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tèmi nípa ọjọ́. Àárọ̀ Sátidé ni ọjà Estremoz, ní ojúde ńlá àárín ìlú, ṣíìsì, ólífì, ewé àti adìyẹ, títí kan ohun àtijọ́. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì jẹun ọ̀sán nítòsí, nítorí àwọn tó wá tajà ló ń jẹun níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ni kì í ṣí lálẹ́ Sọ́ńdè tàbí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nítorí náà ẹ ra búrẹ́dì, ṣíìsì àti èso sílẹ̀. Ọ̀sán Sọ́ńdè, ìdílé ló ń kún inú wọn, bàbá, ìyá, ọmọ, ọmọ-ọmọ, ẹ pè wọ́n láàárọ̀ kí wọ́n fi tábìlì sílẹ̀ fún yín. 25 oṣù Kẹrin jẹ́ ọjọ́ ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè, ìrántí ìyípadà ìjọba ti 1974. Bákan náà ni kí ẹ pè ṣáájú.

Ẹ mú owó bébà lọ́wọ́. Àwọn kan kò gba ju káàdì Multibanco ti Pọ́túgàl lọ, wọ́n á wo káàdì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yín, wọ́n á mirí. Bí wọ́n bá bi yín pé contribuinte, nọ́ńbà owó orí ni wọ́n ń bèèrè fún rìsíìtì, ẹ ní não, obrigada.

Ọláníkẹ̀ẹ́_MCR

Ẹ̀yin ará mi, a ti dé o, àlàáfíà ni. Mo ní kí n wá jábọ̀ nítorí ẹ ṣe wá lóore.

Oúnjẹ tó dùn jù lọ́nà náà, ní Arraiolos la ti jẹ ẹ́, ìlú tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sára kápẹ́ẹ̀tì, ní àríwá Évora. Ọkọ̀ fáànù mẹ́rin ló wà níwájú ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. A wọlé, a kí wọn, gbogbo ilé dá wa lóhùn. Mo bèèrè ohun tí wọ́n sè, obìnrin náà ní sopa de cação àti ẹ̀wà funfun pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ orí fóònù hàn án. Ó kà á, ó wo màmá mi, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú ìyá kan tó wọ épíróònù. Ìyá yẹn fọwọ́ ṣàpèjúwe gbogbo ohun tó wà nínú ọbẹ̀ náà fún màmá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ewé coriander tútù hàn wọ́n, ó fi ìgò fínígà hàn wọ́n. Màmá mi gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, òun sì gbọ́ Potogí nìkan, àmọ́ àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé. Màmá jẹ abọ́ méjì, wọ́n sì fi piri-piri sí i títí ojú àwọn tábìlì kejì fi wà lára wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni sericaia. Dose tí ọkọ mi gbà, kò lè jẹ ẹ́ tán, ẹ ò purọ́ rárá.

Couvert: a mú búrẹ́dì àti ólífì, a dá ìyókù padà, kò sí wàhálà. Ní Mértola, a rí míhíráàbù náà. Màmá dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹja odò yíyan la jẹ níbẹ̀, ó dára, àmọ́ eegun rẹ̀ pọ̀ jù fún àgbàlagbà.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni alẹ́ ọjọ́ tí a gbìyànjú láti jẹun ní Évora nítòsí ojúde Giraldo. Oúnjẹ kò gbóná, owó rẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Oúnjẹ ọ̀sán nílùú kékeré ni kí èèyàn máa náwó lé.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Dublin

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Trás-os-Montes, lápá àríwá ìlà-oòrùn Pọ́túgàl, ní oṣù Kẹjọ, a máa dé Miranda do Douro. A ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, a ń jẹ màlúù. Ṣé àwọn òfin yìí náà ló bá ibẹ̀ mu?

Akin_Coimbra

Aago ọ̀sán, prato do dia, meia dose, gbogbo rẹ̀ ló bá a mu. Ìyàtọ̀ wà nínú oṣù. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ ní Faransé, Siwisaláńdì àti Luxembourg máa ń wálé, ìgbéyàwó àti àjọ̀dún á pọ̀, abúlé tó dákẹ́ látìgbà òtútù á kún fọ́fọ́. Ẹ má dé ilé oúnjẹ láìpè. Bí ẹ bá rí ìwé tí wọ́n kọ há caracóis sí lára, ìgbín wẹ́wẹ́ ni, ìhà gúúsù ni ó wọ́pọ̀ sí, àmọ́ ẹ jẹ ẹ́ bí ẹ bá rí i lọ́nà.

Ní Miranda do Douro, posta mirandesa ni ẹ ń wá. Ẹran màlúù ìlú yẹn ni, wọ́n gé e nípọn, iyọ̀ oníhóró nìkan ni wọ́n ń fi sí i kí wọ́n tó gbé e sórí ẹyin iná, ọ̀dùnkún ló ń bá a wá. Ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ kí wọ́n tó gbé e lé iná: bem passada bí ẹ bá fẹ́ kó jinná. Bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ á pupa.